Ta Ni Ó Ni Ẹ̀kọ́ Tí A Ń Kọ́?

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka ìwé ẹgbẹ́ wa yìí, ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ gbé ka iwájú yín. Ìbéèrè náà kò ṣòro í bi, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kò rọrùn. Òun ni pé: nígbà tí olùkọ́ bá dúró níwájú kíláàsì tí ó ń sọ̀rọ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì jókòó tí ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ta ni ó ni ẹ̀kọ́ náà? Ṣé ti olùkọ́ ni, nítorí pé ẹnu rẹ̀ ni ó ti jáde? Ṣé ti ẹni tí ó kọ ìwé tí olùkọ́ kà ni? Ṣé ti ìjọba ni, tí ó fi ọwọ́ sí ètò ẹ̀kọ́? Àbí akẹ́kọ̀ọ́ náà ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀, ìpín tí ó ju ti ẹni tí a bu oúnjẹ fún lọ?

Láti bí ọdún mélòó kan, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní ilẹ̀ òkèèrè ń sọ̀rọ̀ nípa irú ìkọ́ni kan tí èmi yóò pè ní ìkọ́ni aṣílẹ̀kùn. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe jẹ́ ẹni tí ó kàn ń gba ìmọ̀ sínú. Kí ó bá olùkọ́ dá sí ètò ẹ̀kọ́, kí ìrírí tirẹ̀ wọ inú ẹ̀kọ́, kí iṣẹ́ tí ó bá sì ṣe jáde sí gbangba kí ẹlòmíràn lè rí i lò. Àwọn kan gbà á bí ìhìn rere. Àwọn mìíràn ní ọ̀nà àti ba ọmọ jẹ́ ni. Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ náà dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀gún kan nínú tí àwọn tí ń yìn ín kì í sábà fi ọwọ́ kàn. N ó gbìyànjú láti fi méjèèjì hàn yín.

Sábó ni mo ń gbé, ní Yábàá. Ẹni tí ó bá mọ àdúgbò wa mọ̀ pé ilé-ìwé yí wa ká. Queen's College tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1927 wà ní Yábàá. Igbóbì College ti 1932 kò jìnnà sí wa. Yaba College of Technology ti 1947 wà nítòsí. Yunifásítì Èkó, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1962, sì wà ní Akọkà. Nítorí náà, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, akẹ́kọ̀ọ́ ni ó máa ń kún ibùdókọ̀ Sábó, tí wọ́n tò sí ẹnu ọ̀nà àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé, tí wọ́n ń sanwó kí a bá wọn tẹ iṣẹ́ àṣetiléwá wọn jáde. Olùkọ́ yóò gba iṣẹ́ náà, yóò fi bírò pupa sí i, yóò kọ máàkì sínú ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ra àkàrà tàbí ẹ̀pà ní Èkó mọ ibi tí ìwé náà ń gbẹ̀yìn sí. Mo ti jẹ àkàrà tán rí tí mo jókòó ka ohun tí wọ́n fi dì í fún mi: ojú ìwé méjì lórí bí àgbàrá ṣe ń ba ọ̀nà jẹ́, tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe làálàá kọ, tí ó sì fi ojú pópó tí kò jìnnà sí ibi tí a ti ń din àkàrà náà ṣe àpẹẹrẹ. Bóyá ènìyàn méjì péré ni ó ka iṣẹ́ yẹn láyé: olùkọ́ tí ó fún un ní máàkì, àti èmi tí ebi ń pa. Kí ni ó dé tí a fi ń ní kí ọmọ ènìyàn ṣe iṣẹ́ tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kò ní wúlò fún ẹnikẹ́ni, títí kan ẹni tí ó ṣe é?

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé òní ni àṣà yìí bẹ̀rẹ̀. Ní Yábàá wa kan náà ni ìjọba amúnisìn ti dá Higher College sílẹ̀. E. R. J. Hussey, tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà fún ètò ẹ̀kọ́, ni ó mú àbá rẹ̀ wá. Kíláàsì bẹ̀rẹ̀ ní 1932, Gómìnà Donald Cameron sì wá ṣí i ní gbangba ní oṣù kìíní ọdún 1934. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò fúyẹ́. Wọ́n ń kọ́ni ní ìṣègùn, wọ́n ń kọ́ni ní iṣẹ́ ẹnjiníà, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ olùkọ́. Àwọn tí wọ́n gbà wọlé kò pọ̀, olórí pípé sì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó wọlé ni a ti mọ ibi tí yóò jókòó sí bí ó bá jáde: olùrànlọ́wọ́ ni yóò jẹ́ lábẹ́ òyìnbó, nítorí pé ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń fún wọn kì í ṣe oyè yunifásítì. Àwọn ará Èkó kò dákẹ́. Ní 1934 yẹn ni J. C. Vaughan, Ernest Ikoli, Samuel Akinsanya àti H. O. Davies dá ẹgbẹ́ Lagos Youth Movement sílẹ̀, èyí tí ó di Nigerian Youth Movement ní 1936. Ìbínú lórí ipò Higher College yìí sì wà lára ohun tí ó bí ẹgbẹ́ náà. Ní 1948, nígbà tí University College bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yábàá wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìtàn yìí ni pé kì í ṣe àìmọ̀ọ́kọ́ olùkọ́ ni ó ń rẹ akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀. A lè kọ́ ọmọ dáadáa, kí a sì tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé a ti pinnu òpin ẹ̀kọ́ rẹ̀ láìbi í léèrè ohunkóhun. Amúnisìn ti lọ láti ọdún 1960. Ṣùgbọ́n ìlànà pé kí ọmọ jókòó, kí ó gbọ́, kí ó tún un sọ, kò bá a lọ.

Paulo Freire, ará Brazil, tí ó kọ ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ àwọn tí a ń ni lára parí ní 1968, fi irú ìkọ́ni bẹ́ẹ̀ wé báńkì. Olùkọ́ ni ó ń fi owó pamọ́ sínú akẹ́kọ̀ọ́. Ní ọjọ́ ìdánwò, ó tún wá gbà á jáde. Àfiwé náà mọ́gbọ́n wá. Ṣùgbọ́n kí báńkì tó dé ilẹ̀ wa ni àwọn baba wa ti ń kó owó jọ lọ́nà tiwọn, ọ̀nà tiwọn yìí gan-an ni mo sì fẹ́ fi ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ mi. Kíláàsì mi ni ó là mí lóye rẹ̀.

Mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní nípa owó àti èlé. Ìwé tí a ń lò sọ pé ẹni tí ó bá fi owó pamọ́ ni a ń san èlé fún, nítorí pé ó mú sùúrù, kò ná owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ní kí ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kò ti rí bẹ́ẹ̀ sọ fún wa. Ọmọbìnrin kan dìde. Ó ní ìyá òun ń ta ata ní ọjà kan ní Mushin, ó sì ń fi owó pamọ́, ṣùgbọ́n ìyá òun ni ó ń sanwó fún ẹni tí ń bá a pa á mọ́. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Ó wá ṣe àlàyé. Alájọ a máa wá sí ìsọ̀ ìyá rẹ̀ lójoojúmọ́, a gba ₦1,000, a sì fi àmì sí káàdì. Ojú 31 ni ó wà lára káàdì náà. Bí gbogbo rẹ̀ bá kún, ₦30,000 ni ìyá rẹ̀ yóò gbà. ₦1,000 tí ó kù, ti alájọ ni. Ọmọkùnrin kan tí ó jókòó lẹ́yìn ṣírò rẹ̀ kíá: ó ní ó lé díẹ̀ ní 3 nínú 100, lóṣooṣù, àti pé ẹni tí ó bá kàwé kò ní ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin náà kò bínú. Ó ní ìyá òun mọ ìṣirò yẹn jù ú lọ. Bí ìyá òun bá pa ìsọ̀ tì láti lọ tò ní báńkì, ohun tí yóò pàdánù lọ́jọ́ kan yóò ju ₦1,000 lọ. Bí owó bá sì wà nílé, ọwọ́ ará ilé yóò dé ibẹ̀. Bí ọmọ bá sì ṣàìsàn lóru, alájọ lè yá a lówó lórí káàdì rẹ̀, láìní kí ó lọ kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Ó ní, "Màmá mi kò wá èlé, sà. Ìfọ̀kànbalẹ̀ ni wọ́n ń rà."

Ẹlòmíràn bi í pé bí alájọ bá wá sá lọ ńkọ́? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ó ti ṣẹlẹ̀ sí aládùúgbò wọn kan rí, obìnrin náà kò sì rí ibi kankan tí ó lè mú ẹjọ́ rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni ìwé wa ti wá wúlò. A ṣí i sí orí tí ó sọ nípa ewu àti ìdí tí òfin fi ń ṣọ́ báńkì, gbogbo kíláàsì sì kà á bí ìgbà tí ènìyàn ń ka lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i láti ilé. Ọmọkùnrin kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ mẹkáníìkì tún sọ ti èsúsú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀: ènìyàn mẹ́wàá ni wọ́n, iye kan náà ni wọ́n ń dá lọ́sẹ̀, ẹnì kan a sì máa kó gbogbo rẹ̀ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kárí. A wá bi ara wa pé, ta ni ó jèrè jù, ẹni tí ó kọ́kọ́ kó èsúsú ni, tàbí ẹni tí ó kó o kẹ́yìn? Iye kan náà ni wọ́n kó. Ṣùgbọ́n ẹni àkọ́kọ́ ti yá owó láìsan èlé, ẹni ìkẹyìn sì ti yáni lówó láìgba èlé. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí ó tún ní kí n wá ṣe àlàyé ohun tí èlé jẹ́.

Ẹ wò ó, Ṣómolú kò ju ìrìn ìwọ̀nba lọ sí Sábó. Alájọ Ṣómolú kì í ṣe àlejò létí ọmọ Èkó kankan. Òun ni a fi ń pa òwe fún ẹni tí orí rẹ̀ bá pé, nítorí wọ́n ní ó ń gba àjọ ọ̀pọ̀ ènìyàn láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, kò sì ṣi owó san. Ìmọ̀ wà nínú òwe yẹn. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa tí a ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ owó ni ó ti mú un wọ kíláàsì rí? Ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé ni ọmọ ń bọ́ irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ sí, bí ẹni tí ń bọ́ bàtà kí ó tó wọlé.

Ohun tí mo wá ń sọ ni pé kíláàsì kò yẹ kí ó jẹ́ báńkì. Èsúsú ni ó yẹ kí ó jẹ́. Nínú èsúsú, kò sí ẹni tí ó ń kó owó tí kò dá, kò sì sí ẹni tí ó ń dá owó tí kò ní kó. Olórí èsúsú wà níbẹ̀, ẹni iyì ni. Òun ni ó ń ṣọ́ ètò, òun ni ó ń mú kí ẹni tí ó ti kó tirẹ̀ má sá lọ, òun náà sì ń dá owó bí àwọn yòókù. Ohun tí ó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé owó tí ènìyàn dá gbọ́dọ̀ jẹ́ owó. Bí ẹnì kan bá mú ayédèrú wá, a ó dá a padà fún un. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìrírí akẹ́kọ̀ọ́. Kì í ṣe pé kí a gba ohunkóhun tí ó bá sọ, kí a pàtẹ́wọ́, kí a sì kọjá lọ. Ẹni tí a pàtẹ́wọ́ fún láìbi í ní ìbéèrè, a kò kà á sí ènìyàn gidi. Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yẹn di ìmọ̀ nítorí pé a yẹ̀ ẹ́ wò, a tì í síwá sẹ́yìn, ó dúró níbi tí ó ti lè dúró, ó sì gba àtúnṣe níbi tí kò ti lè dúró.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan yóò kọ ọ̀rọ̀ yìí. Wọn yóò ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àkísà tí ọmọbìnrin yẹn mú wá sí kíláàsì, èmi tí mo jù ú lọ ní ọjọ́ orí kò ní irú rẹ̀. Wọn yóò ní àṣẹ olùkọ́ yóò bọ́ sílẹ̀. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí àlọ́ tí wọ́n ń pa fún wa. Bí àwọn ọmọ kò bá gbe orin, àlọ́ kò lè lọ síwájú. Bí àpàlọ́ kò bá sì mọ ìtàn, orin kò ní ibi tí yóò gúnlẹ̀ sí. Nínú àlọ́ àpamọ̀, ọmọdé a máa bi àgbà ní ìbéèrè, bí àgbà kò bá sì mọ̀ ọ́n, a gbà pé òun kò mọ̀ ọ́n. Kò sí àgbà tí iyì rẹ̀ bọ́ nítorí èyí. A máa ń wí pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a máa ṣe é bí a ti ń wí i.

Bákan náà ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹni tí ó bá fi ìrírí ara rẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀ yóò kẹ̀yìn sí ẹ̀kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ní 1958, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà kan ní Nigerian College of Arts, Science and Technology ní Zaria dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí a mọ̀ sí Zaria Art Society. Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya àti Yusuf Grillo wà lára wọn. Iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Yúróòpù ni ó gba ipò iwájú nínú ohun tí a ń kọ́ wọn. Wọn kò kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ yanjú. Ṣùgbọ́n bí kíláàsì bá parí, wọn a pàdé láàárín ara wọn, wọn a jíròrò lórí àlọ́, ìtàn àti iṣẹ́ ọnà ilé baba wọn, wọn a sì wá ọ̀nà tí wọn yóò fi so èyí pọ̀ mọ́ ti òkèèrè. Grillo, ọmọ Èkó, wá di ọ̀gá ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní Yaba College of Technology wa níhìn-ín, ó sì ṣe iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó di olóògbé ní 2021. Ohun tí àwọn ọmọ náà ń ṣe lẹ́yìn kíláàsì nígbà náà ti di ohun tí a ń kọ́ nínú kíláàsì lónìí. Ohun tí ó dùn mí níbẹ̀ ni pé àwọn fúnra wọn ni ó ní láti lọ wá yàrá tí wọn yóò ti ṣe é.

Àtakò kejì ni ti ìdánwò. Wọn a ní: "Ọ̀rọ̀ rẹ dùn, ṣùgbọ́n ìdánwò kò bèèrè ìyá aláta." Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò kan ní ilé-ìwé St. Stephen's "A". Àwọn ọmọ kan fi Yorùbá kọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè. Àwọn ẹgbẹ́ wọn lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì bí a ti ń ṣe níbi gbogbo. Nígbà tí a fi wọ́n wé ara wọn, àwọn tí ó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú àwọn ẹ̀kọ́ yòókù, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí a bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ láti ibi tí ó wà, ó tètè ń dé ibi tí a ń mú un lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2022, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ fi ọwọ́ sí ìlànà pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kan náà kéde pé a ti pa ìlànà náà rẹ́, pé Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ni. Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, ní èsì ìdánwò kò dára ní àwọn agbègbè tí wọ́n ti lo èdè abínibí. Ibi tí èmi dúró sí lórí èdè ti hàn nínú ohun tí mo ti kọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí yàtọ̀ sí ìyẹn: ní ìgbà tí a fún ọmọ ní èdè rẹ̀, àti ní ìgbà tí a gbà á padà, òkè ni àṣẹ ti wá nígbà méjèèjì. Ohun rere tí a ṣe fún ènìyàn láìbi í, ọjọ́ kan ṣoṣo tó láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìbi í. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ àwọn ọmọ, àwọn òbí àti àwọn olùkọ́ wọn wà nínú ìlànà náà láti ìbẹ̀rẹ̀, pípa rẹ́ rẹ̀ ìbá ti ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo wá kan ẹ̀gún tí mo ní n ó fi ọwọ́ kàn. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ wa lórí àjọ, mo dá a lábàá pé kí kíláàsì kó gbogbo ohun tí wọ́n sọ jọ sínú ìwé pélébé kan, kí a gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibòmíràn lè rí i kà lọ́fẹ̀ẹ́. Inú wọn dùn, nítorí pé iṣẹ́ yìí kò ní di ohun tí a fi ń dì àkàrà. Ọmọbìnrin náà nìkan ni ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ti màmá mi sí i."

Mo bi í pé kí ni ó dé.

"Bàbá mi kò mọ̀ pé wọ́n ń dá àjọ, sà. Àwọn ẹbí bàbá mi sì máa ń ka nǹkan lórí fóònù."

Ọ̀rọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo ìwọ̀n ohun tí ó rọ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀kọ́ tí ó yé ọgọ́ta ènìyàn, àṣírí obìnrin kan ni a fi rà á, obìnrin náà kò sì sí níbẹ̀. A jùmọ̀ wá ọ̀nà. Ó kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ oníṣòwò kan tí kò ní orúkọ, ó yí iye owó padà, kò sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ìpín tirẹ̀ ni ó dára jù lọ nínú ìwé náà. Ohun tí ẹ sì ti kà níhìn-ín, òun ni ó kọ́kọ́ kà á kí n tó fi ránṣẹ́ sí olóòtú. Ó yọ gbólóhùn méjì kúrò níbẹ̀. Ata kọ́ ni ìyá rẹ̀ ń tà, ọjà Mushin sì kọ́ ni ọjà rẹ̀.

Ohun tí àwọn oníwàásù ìkọ́ni aṣílẹ̀kùn kì í sábà sọ ni pé iye tí ìṣísílẹ̀ yìí ń náni kò dọ́gba. Bí a bá ní kí ọmọ olówó sọ ìrírí rẹ̀, ìrìn-àjò ni yóò sọ. Bí a bá ní kí ọmọ tálákà sọ tirẹ̀, àṣírí ilé ni yóò tú. Bí a bá sì ń fún ẹni tí ó tú àṣírí jù lọ ní máàkì tí ó pọ̀ jù lọ, a ti sọ ìyà di ọjà, a sì ti kọ́ ọmọ pé kí ó máa pàtẹ òbí rẹ̀. Ìyẹn burú ju báńkì Freire lọ, nítorí pé báńkì, ó kéré tán, kì í bèèrè ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní yàrá rẹ. Nínú èsúsú pẹ̀lú, ohun tí a ń bi ènìyàn ni pé, "Ṣé o ti dá tìrẹ?" A kì í bi í pé, "Níbo ni o ti rí i?" Ilẹ̀kùn tí ó ṣí dára. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí ẹni tí ó wà nínú ilé kò lè tì, ihò ni, kì í ṣe ilẹ̀kùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni a fi akẹ́kọ̀ọ́ sí àárín, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ohun méjì. Ìkíní: ohun tí ó sọ, ǹjẹ́ ó yí ohunkóhun padà nínú ohun tí a fẹ́ kọ́ lọ́la? Bí kò bá yí ohunkóhun padà, ọ̀ṣọ́ ni a fi í ṣe. Ìkejì: ta ni ó mú kọ́kọ́rọ́ dání? Bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá lè sọ pé "rárá" láìpàdánù máàkì, a kò fún un ní agbára kankan. A kàn yí ohun tí a ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ padà ni. Mo mọ̀ pé kíláàsì wa pọ̀ lérò, mo mọ̀ pé iná kì í sábà wà, mo sì mọ̀ pé dátà wọ́n. Ṣùgbọ́n ìbéèrè méjèèjì yìí kò náni ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, tiyín náà kù. Ẹ má ṣe rò pé ẹrù fúyẹ́ sí i nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹ wá jókòó sí àárín. Ẹni tí ó ń dá èsúsú kò lè sùn bí ẹni tí a ń fún lówó. Ẹ ó kàwé jù ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé ẹ ó ní láti mọ ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti wí kí ẹ tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ tiyín ti yàtọ̀. Ẹ ó gbà kí a yẹ ọ̀rọ̀ yín wò láìbínú. Ẹ ó sì máa ṣọ́ àṣírí ẹni tí kò sí níbẹ̀, ìyá, ẹ̀gbọ́n, aládùúgbò, tí ẹ ń fi ayé rẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́.

Mo bèèrè níbẹ̀rẹ̀ pé ta ni ó ni ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́. Owó tí ó wà nínú àpò èsúsú, ta ni ó ni ín? Gbogbo ẹni tí ó dá a ni ó ni ín, ẹni tí ó kan ni yóò sì kó o. Olùkọ́ ti ń dá tirẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó tó àkókò kí a na káàdì sí akẹ́kọ̀ọ́, kí òun fúnra rẹ̀ sì sọ iye tí ó fẹ́ dá.